Gígùn Telomere Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Jẹjẹrẹ Àpòlúkù: Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Wọ́n Fi Ṣe Òṣùwọ̀n?

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Wọ́n ní bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ àpòlúkù, tí a sì wọn ìpẹ̀kun DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀, a lè mọ̀ bóyá aláìsàn náà yóò pẹ́ láyé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìpẹ̀kun DNA yìí ni wọ́n ń pè ní telomere. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n fẹ́ gbà; wọn ò ní ti rọ́bà bọ ẹnikẹ́ni lọ́fun, wọn ò sì ní la ikùn. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ibi tí ẹ̀rí gbé ọ̀rọ̀ náà dé, àti ohun tó lè ṣe fún aláìsàn tó ń gbé ní Yaba, tó jẹ́ pé ọsibítù ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà ni yóò gbà lọ bí inú rírun rẹ̀ bá kọ̀ tí kò lọ. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ̀rí wà, àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti rí i, a ò sì tíì ní òṣùwọ̀n tó bá ẹ̀jẹ̀ tiwa mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì ara wa, kúrómósómù 46 ló wà níbẹ̀, okùn DNA gígùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ìpẹ̀kun okùn kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà mẹ́fà kan náà, TTAGGG, ń tún ara rẹ̀ kọ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, ó ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Iṣẹ́ tí ìṣẹ́tí ń ṣe fún aṣọ ni àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ń ṣe: wọn kì í jẹ́ kí okùn náà tú. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín sí méjì, ohun tó ń da DNA kọ kì í lè kọ ọ́ dé òpin pátápátá, díẹ̀ á sì gé kúrò lára ìpẹ̀kun náà. Leonard Hayflick ló fi hàn ní 1961 pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kì í pín títí láé. Bó bá ti pín tó nǹkan bí ìgbà 40 sí 60, ó di kó dáwọ́ dúró. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Alexey Olovnikov, ará Rọ́ṣíà, ronú dé ìdí rẹ̀. Elizabeth Blackburn, Carol Greider àti Jack Szostak ló wá ṣàlàyé bí ara ṣe ń dáàbò bo ìpẹ̀kun yìí, àti èròjà tó ń tún un ṣe tí wọ́n ń pè ní telomerase. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2009.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun àgbàlagbà, nǹkan bí lẹ́tà 20 sí 50 ló ń gé kúrò lọ́dọọdún. Sìgá mímu àti àìsàn tó bá ti di bárakú máa ń bá a rìn pé kó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ohun tí a bí mọ́ni ló tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan wà tí tiwọn gùn láti inú oyún, àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn kúrú, débi pé ẹni àádọ́rin ọdún lè ní telomere tó gùn ju ti ẹni ogójì ọdún lọ. Ẹni tó bá ń pariwo pé òun lè fi ìwọ̀n yìí sọ ọjọ́ orí ara ẹnikẹ́ni ń ta àsọdùn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi pawó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò yìí, inú ìgò kékeré tó ní ìdérí àwọ̀ elésè àlùkò ni nọ́ọ̀sì máa ń gba ẹ̀jẹ̀ sí, ìgò kan náà tí wọ́n ń lò fún PCV. Èròjà kan tó ń jẹ́ EDTA wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n á gbé ìgò náà sínú ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, ẹ̀jẹ̀ ti pín: omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lókè, sẹ́ẹ̀lì pupa nísàlẹ̀, àti láàárín àwọn méjèèjì, ìlà funfun kan tó tín-ín-rín débi pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó kò ní rí i. Ìlà yẹn ni sẹ́ẹ̀lì funfun. Gbogbo ohun tí mo ń sọ láti òkè wá, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Telomere tí wọ́n wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ti jẹjẹrẹ rárá. Jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ti mọ ọgbọ́n tó fi ń sá fún òfin Hayflick: láti 1994 ni wọ́n ti fi hàn pé telomerase ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kókó jẹjẹrẹ, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, èyí tó fi ń pín láìdáwọ́ dúró. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ní tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ara ni. Bí telomere rẹ̀ bá kúrú, ohun tó lè túmọ̀ sí ni pé àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ti pín títí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ara aláìsàn ni àyẹ̀wò náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe kókó tó wà nínú àpòlúkù.

Ẹ̀rí wá ńkọ́? Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ ìròyìn sì máa ń lọ̀ wọ́n pọ̀. Èkíní ni bóyá ẹni tí telomere rẹ̀ kúrú ló máa ń kó àrùn náà. Èkejì ni bóyá ẹni tó ti kó o, tí telomere rẹ̀ sì kúrú, ló máa ń tètè kú.

Lórí èkíní, ìwádìí méjì jáde ní 2009, ọ̀kan láti Warsaw ní Poland, èkejì láti ọ̀dọ̀ àwọn Han ní China. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ àpòlúkù àti tàwọn tí kò ní in, wọ́n sì rí i pé telomere àwọn aláìsàn ló kúrú jù. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2015, ìwádìí mìíràn láti China, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, rí ohun mìíràn: àwọn tí tiwọn kúrú jù àti àwọn tí tiwọn gùn jù ló wà nínú ewu, àwọn tó wà láàárín ló sàn fún. Ọ̀rọ̀ wá di méjì.

Àléébù ńlá ló wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí n máa fura. Ìgbà tí àrùn ti dé ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ẹni tó ti ń rù fún oṣù mélòó kan, tí inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara rẹ̀ ń bá àrùn jà tọ̀sán-tòru, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ yóò ti ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ta ló mọ̀ bóyá àrùn ló gé telomere kúrú, tàbí telomere kúkúrú ló fa àrùn? Nígbà tí àwọn olùwádìí kó ìwádìí oríṣiríṣi jẹjẹrẹ jọ ní 2011, wọ́n rí i pé níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn dé, ìsopọ̀ náà lágbára. Níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí àrùn tó dé, agbára rẹ̀ dín kù gidigidi. Ó tún kù. Ní 2017, Philip Haycock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà mìíràn tí kò wo ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ àìsàn rárá, àmì tí a bí mọ́ni nínú DNA ni wọ́n wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí a bí telomere gígùn mọ́ ni ewu oríṣi jẹjẹrẹ bíi mélòó kan pọ̀ fún, tí àìsàn ọkàn sì dín kù fún. Lọ́dún 2023, àwọn ará Johns Hopkins lábẹ́ Mary Armanios tún rí ìdílé tí telomere wọn gùn ju ti ẹlẹgbẹ́ lọ nítorí àyípadà nínú apilẹ̀ kan tó ń jẹ́ POT1. Kókó oríṣiríṣi ló ń hù lára wọn. Nítorí náà, àwọn tó ń ta ògùn pé yóò mú telomere gùn kí ènìyàn má bàa kó jẹjẹrẹ, kí wọ́n lọ ka ìwé sí i.

Ìbéèrè kejì, ìyẹn ti ẹni tó máa pẹ́ àti ẹni tí kò ní pẹ́, ni ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ìwádìí tó tọ́ka sí i jù lọ ti Xi'an ní China wá, láti yunifásítì ìṣègùn àwọn ológun tó wà níbẹ̀, ó sì jáde ní 2015. Wọ́n tọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ àpòlúkù lẹ́yìn, wọ́n wo ìgbà tí àrùn padà dé àti ìgbà tí ikú dé. Àwọn tí telomere ẹ̀jẹ̀ wọn kúrú ló tètè kú jù, àwọn kan náà sì ni àrùn tètè padà sí lára. Ohun tó jẹ́ kí n ka iṣẹ́ yẹn sí ni pé wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ ara wò, wọ́n sì rí i pé níbi tí telomere ti kúrú, àmì pé nǹkan ti tẹ ẹ̀ṣọ́ ara lórí ba wà níbẹ̀. Èyí bá ọgbọ́n orí mu. Dókítà oníṣẹ́ abẹ lè yọ kókó náà kúrò, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó ti sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ tàbí awọ inú ikùn, ẹ̀ṣọ́ ara ni yóò lé wọn. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò lé wọn.

Mo gba ìwádìí Xi'an gbọ́ fún àwọn ará Xi'an. Ibi tí wàhálà wà ni kí ẹnì kan gbé nọ́ńbà wọn wá sí Èkó.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo láàbù ń lò. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí Richard Cawthon gbé jáde ní 2002: ẹ̀rọ PCR ni wọ́n fi ń ṣe é, kò gba DNA púpọ̀, kò sì wọ́n jù. Àmọ́ kì í sọ pé lẹ́tà báyìí-báyìí ló gùn. Ohun tó ń sọ ni ìdá, pé telomere ẹni yìí pọ̀ tó báyìí sí apilẹ̀ kan tí a fi ń wé e. Ìdá tí láàbù kan rí kò ṣe é gbé sórí tábìlì láàbù mìíràn. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Southern blot ń sọ iye lẹ́tà, ó sì ṣe é fọkàn tán jù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ DNA, ó ń jẹ ọjọ́, kò sì yẹ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Kódà ọ̀nà tí wọ́n gbà fa DNA jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ lè yí èsì padà. Ẹ wá fi ti iná Èkó kún un. Bí DNA bá ń dì tó ń yọ́ nínú fírísà nítorí pé iná lọ, tí dísù jẹnẹrétọ̀ sì tán, ó ń já wẹ́wẹ́. Kí láàbù tó ní òun ń wọn telomere, kó kọ́kọ́ fi ìwé ìgbóná-òun-ìtutù fírísà rẹ̀ hàn wá.

Ìdí kejì ló wúwo jù. Telomere àwa ọmọ Áfíríkà gùn ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ. Ní 2008, Steven Hunt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà. Ní 2016, ìwádìí mìíràn tí àwọn ará Tanzania wà nínú rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀: telomere ará ìsàlẹ̀ Sàhárà ló gùn jù, ti aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e, ti aláwọ̀ funfun ló kẹ́yìn. Àbá tí wọ́n dá ni pé nígbà tí àwọn kan ṣí lọ sí ilẹ̀ tí oòrùn kò ti mú tó tiwa, tí awọ ara wọn ń di funfun, telomere kúkúrú ló dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ jẹjẹrẹ awọ. Àbá ni o, kò tíì di òtítọ́ tí a lè búra lé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ gígùn náà kò ní àríyànjiyàn púpọ̀ nínú.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa ṣe. Bí a bá gbé ààlà tí àwọn ará China lò láti fi ya kúkúrú sọ́tọ̀ kúrò lára gígùn, tí a wá fi wọn aláìsàn láti Mushin tàbí Surulere, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ aláìsàn wa bọ́ sápá gígùn. Dókítà á wò ó, á ní ara wọn ṣì le. Èsì á dára lórí ìwé, aláìsàn á sì máa lọ. Wọ́n ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ìrírí irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àyẹ̀wò kan wà tó rọrùn ju telomere lọ, tí wọ́n fi ń sọ bí jẹjẹrẹ àpòlúkù yóò ṣe rí: wọ́n á mú iye neutrophil inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi iye lymphocyte pín in. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun ni àwọn méjèèjì, iye wọn sì wà lórí ìwé full blood count tí gbogbo aláìsàn ń gbà. Níbi tí ìdá yẹn bá ti ga, ìwádìí lórí ìwádìí láti Éṣíà ló sọ pé ikú máa ń yá. Ó dára, àmọ́ neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kéré láti ilẹ̀, láìsí àìsàn kankan. Ní 2009 ni wọ́n mọ ohun tó fà á: àyípadà kan nínú apilẹ̀ Duffy, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní in láàárín wa, òun kan náà tí kì í jẹ́ kí oríṣi ibà kan, vivax, ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Nítorí náà, ààlà tí wọ́n fà ní Tokyo tàbí Shanghai kò lè dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní Ìdí-Àràbà. Bí ó bá jẹ́ pé ààlà àyẹ̀wò tí kò ju owó kékeré lọ gan-an kò tíì bá wa mu, kí ni a fẹ́ fi telomere ṣe?

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹ̀yà Áfíríkà kan tí àwọn onímọ̀ DNA mọ orúkọ rẹ̀ tó Yorùbá. Nígbà tí HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tó ń wá ìyàtọ̀ inú DNA ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, Ìbàdàn ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ fún Áfíríkà: 90 ènìyàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún wọn ní àmì YRI, kò sì sí yunifásítì ńlá tí kò tíì lo dátà wọn. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà nínú fírísà ilé ìwádìí Coriell ní Camden, New Jersey, títí dòní. Ẹnì kan lè rò pé kí wọ́n kàn mú ibẹ̀ wọn telomere Yorùbá, kí ọ̀rọ̀ parí. Kò ṣe é ṣe. Kí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn má bàa kú, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Epstein-Barr ni wọ́n fi sọ wọ́n di aláìkú, ìyẹn sì ti yí telomere wọn padà kúrò ní bí ó ṣe rí nínú ara àwọn tó ni ín. Ẹ̀jẹ̀ tútù ni a nílò, láti ara àwọn tó wà níhìn-ín.

Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀, NIMR, wà ní Edmund Crescent ní Yaba. Yaba yìí ni Rockefeller Foundation fi ṣe ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, Ghana òde òní. Fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Adrian Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́, Stokes sì kú sí Èkó lọ́dún kan náà nínú àrùn tó ń wádìí. Ara Asibi yá. Inú fáírọ́ọ̀sì tirẹ̀ ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ 17D, èyí tí wọ́n ń gún fún wa kí wọ́n tó fún wa ní káàdì ìyeyè ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan ti gba gbogbo ayé là rí.

Ní NIMR kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Stella Smith ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí Helicobacter pylori, bakitéríà tó ń gbé inú àpòlúkù, tó ń fa ọgbẹ́ inú, tó sì jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ jẹjẹrẹ àpòlúkù. Barry Marshall ti Ọsirélíà mu ún ní 1984 kó lè fi hàn pé òun ló ń ṣe inú báṣubàṣu. Marshall àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Robin Warren gba Nobel ní 2005. Láti 1994 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Bakitéríà yìí máa ń mú kí ara àpòlúkù gbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á máa kú, á máa pín, telomere ibẹ̀ á sì máa kúrú. Ibí ni ọ̀rọ̀ telomere àti ọ̀rọ̀ Yaba ti pàdé.

Àlọ́ kan sì wà nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà ló ní H. pylori nínú, síbẹ̀ jẹjẹrẹ àpòlúkù tí à ń kà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò súnmọ́ ti Jàpáànù tàbí Kòríà. Dókítà Christopher Holcombe, tó ti ṣiṣẹ́ ní Maiduguri, ló kọ ọ́ ní 1992 pé àdììtú Áfíríkà ni èyí. Àwọn kan ní aràn inú ló ń dín ìbínú ara kù. Wọ́n rí irú rẹ̀ lára eku ní 2000. Àwọn mìíràn ní bakitéríà tiwa kò le tó ti Éṣíà. Èyí tó wú mi lórí jù wá láti Kòlóńbíà, ní 2014. Ní Tumaco létí òkun, níbi tí àwọn ọmọ ẹrú Áfíríkà pọ̀ sí, H. pylori kún inú wọn, jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n. Ní Túquerres lórí òkè, bakitéríà pọ̀ bákan náà, jẹjẹrẹ sì pọ̀ gan-an. Níbi tí bakitéríà àti ènìyàn bá ti jọ ti Áfíríkà wá, wọ́n ti mọwọ́ ara wọn. Níbi tí bakitéríà Áfíríkà bá ti wọ inú ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjà ń bẹ.

Ṣùgbọ́n Dókítà David Graham àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ ọ́ ní 2005 pé kò sí àdììtú kankan níbẹ̀, pé nítorí a kì í wo inú àpòlúkù ènìyàn tó ni a kò ṣe rí jẹjẹrẹ. Èmi rò pé òtítọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì, àmọ́ ti Graham ló yẹ kó máa ta wá jí. Àrùn tí a kò wá, a ò lè kà á.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ ní Yaba. Inú ń ta ẹnì kan, pàápàá bí ebi bá ń pa á. Ó dé kẹ́míìsì kan nítòsí ọjà Tejúoṣó, ó ní ulcer òun ti dìde. Wọ́n ta omeprazole fún un, ara rọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́ta, ó tún padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní jẹ̀dí ni, ó mu àgbo. Láàbù kan ṣe àyẹ̀wò H. pylori fún un pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ó sì jáde pé ó wà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn kò sọ ju pé bakitéríà náà ti bá a pàdé rí. Kò sọ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí ló dára jù, omeprazole tó ń jẹ sì gbọ́dọ̀ ti dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì lè purọ́. Wọ́n fún un ní Flagyl pẹ̀lú oògùn mìíràn, bẹ́ẹ̀ Flagyl tí a ti ń rà láìgba ìwé dókítà láti ọdún gbọọrọ ti mọ́ ọ̀pọ̀ bakitéríà yìí lára. Títí tí yóò fi dé iwájú dókítà tó máa ti endoscope bọ̀ ọ́ lọ́fun, tó máa já ẹran wẹ́wẹ́ láti ara àpòlúkù sínú ìgò formalin, oúnjẹ kò wọlé mọ́, ẹ̀wù ti tóbi fún un.

Nínú ipò yẹn, kí ni telomere fẹ́ sọ tí ipele àrùn kò tíì sọ? Bí kókó ṣe jinlẹ̀ tó nínú ògiri àpòlúkù, bóyá ó ti dé kókó ọ̀nà omi ara tí wọ́n ń pè ní lymph node, bóyá ó ti dé ẹ̀dọ̀: kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó borí wọ̀nyẹn níbi kankan lágbàáyé. Ní Kòríà àti Jàpáànù, níbi tí ìjọba ti ń wo àpòlúkù àwọn àgbàlagbà láìtíì sí àìsàn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń bá nígbà tó ṣì ṣe é gé. Wọn ò dúró de telomere. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tún wà níbẹ̀: ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní February 2019 ṣe ọ̀pọ̀ ohun rere, ṣùgbọ́n ìtànṣán tó jẹ́ agbára rẹ̀ kì í ṣe òun ni olórí ìtọ́jú àpòlúkù. Iṣẹ́ abẹ ni, ó sì ń fẹ́ aláìsàn tó tètè dé.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé owó wá, ohun tí mo máa ní kó kọ́kọ́ fi ṣe ni endoscope, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò, àti láàbù pathology tí èsì rẹ̀ kì í pẹ́. Ohun kejì, tí kò sì gbọ́dọ̀ dúró de àkọ́kọ́ títí láé, ni kí LUTH àti NIMR jọ máa gba ìgò ẹ̀jẹ̀ kan sí i lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ àpòlúkù, kí kẹ́mò tàbí abẹ tó dé, nítorí kẹ́mò máa ń da telomere ẹ̀jẹ̀ rú. Kí wọ́n kọ ọjọ́ orí, ipele àrùn, full blood count sí i lára. Kí wọ́n gba nọ́ńbà fóònù méjì, ti aláìsàn àti ti ẹbí, kí wọ́n sì máa pè wọ́n lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí wọ́n gba ti àwọn aláìláìsàn ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú, kí a lè mọ ibi tí kúkúrú ti bẹ̀rẹ̀ fún wa. Iṣẹ́ yẹn kò ní gba ẹ̀rọ tí kò sí ní Èkó. Sùúrù àti iná tí kì í lọ ló ń fẹ́.

Fún ẹ̀yin tó ń kà á: bí láàbù kankan bá ní òun fẹ́ wọn telomere yín láti sọ bí jẹjẹrẹ inú yín yóò ṣe parí, ẹ má san owó yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti kọjá ogójì ọdún, tí inú ríro kò lọ, tí ẹ ń rù láìmọ ìdí, tí oúnjẹ díẹ̀ ń yó yín, tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, tí ẹ ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà láìjẹ́ pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, ẹ má padà sí kẹ́míìsì. Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, kí ẹ sì sọ fún dókítà lẹ́nu ara yín pé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi endoscope wo àpòlúkù yín.